Bí A Ṣe Ń Túmọ̀ Ìtàn Ọmọdé Àsìkò Ogun sí Yorùbá fún Àwọn Ọmọ Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ìwé ìtàn tí ọmọ ọdún 11 tàbí 13 ti ń ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí lásìkò ogun pọ̀ lédè Jámánì, Faransé, Rọ́ṣíà, Hébérù àti Jàpáànù. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ JSS 2 ní Òmù-Àrán tàbí ní Ọ̀fà lè ka Gẹ̀ẹ́sì náà tán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó sọ ìtàn náà fún àbúrò rẹ̀, Yorùbá ni yóò fi sọ ọ́, ibẹ̀ lẹ ó sì ti mọ èyí tó yé e àti èyí tó kàn fojú kọjá. Olùkọ́ Yorùbá, ẹgbẹ́ òǹkàwé àti ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọ èdè wa ni a kọ èyí fún. Orí ohùn ọmọ tó ń sọ ìtàn la ó ti pẹ́ jù, nítorí ibẹ̀ ni ìtumọ̀ púpọ̀ ti ń bàjẹ́ láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣì.

Ẹ gba àṣẹ kọ́kọ́

Nínú òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà tọdún 2022, ìwé ṣì jẹ́ ti òǹkọ̀wé àti àwọn ajogún rẹ̀ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn nìkan ló sì lè yọ̀ǹda kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé ẹni tó túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ pé inú Gẹ̀ẹ́sì lẹ ti fẹ́ túmọ̀, ọ̀nà méjì ni àṣẹ yín máa gbà wá.

Ẹ ṣí ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, orúkọ ilé ìtẹ̀wé àti ọdún wà níbẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà tí kò ju ojú ewé kan lọ sí ilé ìtẹ̀wé náà: àkọlé ìwé, èdè tí ẹ fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí, iye ẹ̀dà (ẹ kọ 500 tàbí 1,000, ẹ má kọ “púpọ̀”), iye tí ẹ ó tà á, ibi tí ẹ ó ti tà á, àti bóyá yóò dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ ò bá sọ iye ẹ̀dà, wọn yóò kàn tún kọ̀wé padà wá béèrè ni. Ìdáhùn lè pẹ́ oṣù mélòó kan. Kó tó dé, ẹ ráyè ṣe ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta

Ẹ ka ìwé náà tán lẹ́ẹ̀kan láìmú bíró. Nígbà tí ẹ bá ń kà á lẹ́ẹ̀kejì ni kí ẹ máa kọ nǹkan sílẹ̀.

Ìwé kìíní jẹ́ ti àwọn èèyàn inú ìtàn: orúkọ, ọjọ́ orí, ta ni ẹ̀gbọ́n ta, kí ni wọ́n ń pe ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì lè sọ “brother” láti ojú ewé 4 dé ojú ewé 90 láìsọ ẹni tó dàgbà jù. Yorùbá kò ní gbà bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ yan ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò níbi tí ẹ ti kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá kọ “àbúrò mi ọkùnrin”, tí ojú ewé 90 wá sọ pé ọmọ ọdún 15 ni, gbogbo ohun tí ẹ ti kọ lẹ ó padà tún ṣe, títí kan bó ṣe ń kí i àti bó ṣe ń bá a wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni “uncle” àti “aunt”: àbúrò bàbá ni àbí ẹ̀gbọ́n ìyá? Tí ìwé náà kò bá sọ, ẹ lo Àǹtí tàbí Bùrọ̀dá pẹ̀lú orúkọ, ẹ má dá ìbátan sílẹ̀ lọ́kàn ara yín. Ìbejì tún wà níbẹ̀. Bí òǹkọ̀wé kò bá sọ ẹni tó kọ́kọ́ wáyé, “ẹnì kejì mi” tó.

Ìwé kejì jẹ́ ti ọjọ́ àti ibi. Ogun inú ìwé náà ní ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Bó bá jẹ́ Poland, 1 September 1939 ni àwọn ọmọ ogun Jámánì wọlé, November 1940 ni wọ́n sì ti ògiri mọ́ àwọn Júù nínú Warsaw. Bó bá jẹ́ Leningrad, ìsàgatì náà bẹ̀rẹ̀ ní 8 September 1941, kò sì tú títí di 27 January 1944. Láti 20 November títí di 25 December ọdún 1941, búrẹ́dì gíráàmù 125 ni ọmọdé ń gbà lójúmọ́. Bó bá jẹ́ Hiroshima, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 15 ní àárọ̀ 6 August 1945 ni wọ́n ju àdó olóró átọ́míìkì sí i. Ẹ kọ ìwọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé tí wọ́n kàn, kí ẹ lè mọ̀ bí “ìgbà òtútù kejì” tí ọmọ náà ń sọ bá jẹ́ ọdún 1942 tàbí 1943. Ọmọ inú ìwé kò mọ ọjọ́ wọ̀nyí o. Ẹ má fi sí i lẹ́nu. Ojú ewé kan lẹ́yìn ìwé ló tọ́ sí wọn, ibẹ̀ náà lẹ sì ti lè sọ fún ọmọ Kwara pé ogun tí àwọn bàbá àgbà ń pè ní ogun Hítílà (Ogun Àgbáyé Kejì) nìyẹn, èyí tí ìpín 81 àti 82 ti àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ jà ní Bọ́mà.

Ìwé kẹta jẹ́ ti àwọn nǹkan: ohun ìjà, oúnjẹ, aṣọ, ilé, ojú ọjọ́. Ọ̀rọ̀ kan fún nǹkan kan, pẹ̀lú ojú ewé tó ti kọ́kọ́ jáde. Bí ẹ bá pe nǹkan kan ní “àdó olóró” ní orí 1, tí ẹ sọ ọ́ di “bọ́ǹbù” ní orí 3, ọmọdé á rò pé ohun ìjà méjì ni.

Ohùn ọmọ

Yorùbá tí wọ́n fi ń kọ ìwé ìtàn láti ọjọ́ pípẹ́ jẹ́ Yorùbá àgbàlagbà. Òwe kún inú rẹ̀, àfiwé kún inú rẹ̀, gbólóhùn á lọ, á tún bọ̀. Ó dùn, ṣùgbọ́n ẹnu àgbà ló bá mu. Ọmọ ọdún 11 tó bá fi òwe mẹ́ta ròyìn bí wọ́n ṣe mú bàbá rẹ̀, òǹkàwé ọdún 13 á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àgbà kan ló sá pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Nílé wa pàápàá, ọmọ tó bá fẹ́ pòwe lójú àgbà a kọ́kọ́ ní “tótó, ó ṣe bí òwe”, àgbà á sì ní “wàá rí òmíràn pa”. Nínú ìtàn, kò sí àgbà kankan tí ọmọ náà lè tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ẹ fi òwe sílẹ̀ fún ìyá àgbà, fún aládùúgbò, fún olùkọ́ inú ìwé. Ọmọ kò gbọdọ̀ pa á, àfi bó bá ń sín àgbà kan jẹ.

Ẹ wo gbólóhùn yìí:

“Àdó olóró bú gbàmù, ilẹ̀ mì tìtì, jìnnìjìnnì bo gbogbo wa, ikú ń wò wá lójú kòrókòró.”

Ẹ wá wo èyí:

“Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, mo kà á dé èje. Gíláàsì fèrèsé já bọ́ sínú ọbẹ̀. Màmá ní ká má jẹ ẹ́ mọ́.”

Èkíní ń pàṣẹ fún òǹkàwé pé kó bẹ̀rù. Èkejì sọ ohun tí ọmọ náà rí nìkan, ẹ̀rù náà sì dé fúnra rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ṣòro nínú èkejì, kò sì sí èyí tó kọjá ohun tí ọmọ lè sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìta. Bí ìwé tí ẹ ń túmọ̀ bá dára, ọ̀pọ̀ ojú ewé rẹ̀ ni yóò rí bí èkejì. Ewu tó wà ni pé gbólóhùn bẹ́ẹ̀ á dà bíi pé ó gbẹ lójú ẹ̀yin tó mọ Yorùbá dáadáa, ọwọ́ yín á sì máa yún yín láti fi epo sí i. Ẹ mú ọwọ́ yín kúrò. Ọ̀nà àyẹ̀wò kan rọrùn: ẹ ka iye ìgbà tí “ẹ̀rù bà mí”, “àyà mi já” àti “omijé bọ́ lójú mi” wà nínú orí kan ti Yorùbá yín, kí ẹ kà wọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì. Bí tiyín bá pọ̀ jù, ẹ máa gé e.

Ọ̀rọ̀ ìró ń kọ́? Gbì, gbàmù, tàù, fìrì, kẹ̀kẹ̀: dúkìá èdè wa ni wọ́n, ọmọdé sì fẹ́ràn wọn, nítorí náà ẹ má sá fún wọn. Kí ẹ kàn pín iṣẹ́ fún wọn. Gbì fún èyí tó bú lọ́nà jíjìn, gbàmù fún èyí tó bú nítòsí, tàù fún ìbọn. Bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀ láti orí 1, nígbà tó bá di orí 8, òǹkàwé á gbọ́ pé ogun ti sún mọ́ ilé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìró méjì nínú gbólóhùn kan ti pọ̀ jù.

Ohun mìíràn ni ìmọ̀ ọmọ náà. Bí òǹkọ̀wé bá ní ọmọ rí “ọkọ̀ onírin kan tí imú rẹ̀ gùn”, tó fi di ojú ewé 30 kí ẹnì kan tó sọ fún un pé táǹkì ni, ẹ má ràn án lọ́wọ́ ní ojú ewé 12. Atúmọ̀ tó mọ̀ tán ló sábà máa ń ṣe àṣìṣe yìí.

“Wọ́n”

Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń da irú ìwé yìí rú ní Yorùbá bí “wọ́n”. Ìyá ni wọ́n, bàbá ni wọ́n, ìyá àgbà ni wọ́n. Àwọn ọ̀tá náà ni wọ́n. Ẹ gbọ́:

“Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Wọ́n dìde, wọ́n ní ká má sọ̀rọ̀. Wọ́n tún kàn án.”

Ta ló dìde? Ẹ̀yin mọ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì wà níwájú yín. Ọmọ tó ń gbọ́ ọ kò mọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta la fi ń tú u, a sì ń lò wọ́n pọ̀. Ẹ dárúkọ nígbàkigbà tí ẹni tó ń ṣe nǹkan bá yí padà: “Àwọn ṣọ́jà kan ilẹ̀kùn. Bàbá dìde, wọ́n ní ká má sọ̀rọ̀. Àwọn ṣọ́jà tún kàn án.” Yorùbá kì í bínú sí àtúnwí orúkọ bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń bínú sí i, nítorí náà kí ojú má tì yín. Èkejì: bí ó bá jẹ́ ṣọ́jà kan ṣoṣo, ẹ lo “ó”. Ọmọ tó ń pe bàbá rẹ̀ ní “wọ́n”, tó wá pe ṣọ́jà tó dàgbà tó bàbá rẹ̀ ní “ó”, ti sọ fún wa ibi tí ọkàn rẹ̀ wà. Ẹ̀kẹta: níbi tí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kò bá dárúkọ ẹni tó ṣe é, bíi “Hana's father was taken in the night”, ẹ fi “wọ́n” sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. “Wọ́n mú bàbá Hana lóru.” Níbẹ̀, àìmọ ẹni tí “wọ́n” jẹ́ ni ìtàn náà ń fẹ́.

“Ó” náà ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Bí ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan bá jọ sá pa mọ́ sínú àjà ilẹ̀ ní ojú ewé mẹ́wàá, orúkọ ni kí ẹ máa lò. Ẹ fi “ó” sílẹ̀ fún ẹni tí gbólóhùn tó ṣáájú bá ti dárúkọ.

Ẹ àti o

Jámánì, Faransé àti Rọ́ṣíà ní irú tiwa: du àti Sie, tu àti vous, ty àti vy. Gẹ̀ẹ́sì ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ sínú “you”. Nítorí náà, bí ẹ bá tilẹ̀ ń túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá ẹ̀dà ojúlówó. Kò pọn dandan kí ẹ lè kà á. Ẹ wá ojú ewé tí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà wà, kí ẹ wo bóyá du ló wà níbẹ̀ àbí Sie. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó sì ń gbani lọ́wọ́ àròsọ.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣe ojú ewé kan nínú ìwé kìíní fún àwọn tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ní méjì-méjì: ọmọ sí ìyá, ẹ, ọmọ sí ọ̀rẹ́, o, àbúrò sí ẹ̀gbọ́n tó fi ọdún méjì jù ú lọ, o, sí èyí tó fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, ẹ lè fi “ẹ” sí i bí ilé púpọ̀ nílẹ̀ wa ti ń ṣe. Ṣọ́jà tó dé ilé tó ní “ìwọ bàbá yìí, dìde” fún arúgbó, kò tún sí ohun tí ẹ ó fi kún un kí ọmọ Ìlọrin tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ tọ́jú “ìwọ” yẹn fún ibi tó ṣe pàtàkì. Bí gbogbo ṣọ́jà bá ń sọ ọ́ láti ojú ewé kìíní, kò ní dun ẹnikẹ́ni mọ́. Bákan náà ni ọmọ tó ti ń sọ “ẹ” fún ọ̀gá kan látìbẹ̀rẹ̀, tó wá sọ “o” fún un lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá rí irú ibẹ̀, ẹ fa ìlà sí i, kó má bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tún iṣẹ́ yín kà.

Ọmọ Yorùbá kì í pe àgbà lórúkọ lásán. Aládùúgbò tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní “Mrs” á di Ìyáàfin. Ó lè di Ìyá Hans tó bá jẹ́ pé òǹkàwé ti mọ Hans. Kí a sì tó gbàgbé: ẹ má jẹ́ kí ọmọ Warsaw kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀. “Ẹ káàárọ̀” ti gbé ọ̀wọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ ogun, oúnjẹ àti òtútù

Ilẹ̀ wa ní ọ̀rọ̀ ogun lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí ogun jà níbí. Láti ogun Jálumi ọdún 1878 títí dé ogun Ìlọrin àti Ọ̀fà, àwọn baba wa sọ̀rọ̀ amí, ìgbèkùn, ìsàgatì, ibùdó àti ìkógun. Ẹ lò wọ́n. Ọ̀dàlẹ̀ dára, ogúnléndé dára, òfin kónílé-ó-gbélé dára ju ohunkóhun tí ẹ lè dá sílẹ̀ lọ. Ajẹ́lẹ̀ bá ẹni tí ọ̀tá fi jẹ olórí ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun mu gan-an, ọmọ Ìgbómìnà á sì mọ ohun tó túmọ̀ sí láìwo ibi kankan. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún “Balógun”. Ní Ìlọrin, Balógun Gàm̀bàrí, Balógun Alánamú, Balógun Àjíkòbi àti Balógun Fúlàní jẹ́ ìjòyè tó wà títí dòní. Bí ẹ bá pe ọ̀gá ṣọ́jà Jámánì ní Balógun, ọmọ Ìlọrin á rí ìwérí àti ẹṣin. Ọ̀gágun ni kí ẹ kọ. Ṣọ́jà sì tó fún ṣọ́jà lẹ́nu ọmọdé. “Ọmọ ogun” yẹ rédíò àti olùkọ́ inú ìtàn.

Oúnjẹ ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe àṣejù jù. Wọ́n á sọ búrẹ́dì dúdú di gàrí, wọ́n á ní kó lè yé ọmọdé. Àwa kò fara mọ́ ọn. Gíráàmù 125 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ kílò, ọmọdé lè fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n kó rí i, bí ẹ bá sì ti sọ ọ́ di gàrí, ebi Leningrad ti kúrò ní Leningrad nìyẹn. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní “potato”, pòtétò ni kí ẹ pè é. Bí ẹ bá kọ ànàmọ́, èyí tó dùn tí wọ́n ń tà ní ọ̀nà Ọ̀fà ni gbogbo ọmọ á rò, ebi tó yẹ kó gbọ́ á di àdídùn. Wàrà ní Ìlọrin jẹ́ èyí tí àwọn Fúlàní ń sè tí a ń dín, nítorí náà ẹ kọ ṣíìsì fún ti Yúróòpù. Èédú wa láti ara igi ló ti wá. Tiwọn, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa á. Ẹ kọ “èédú abẹ́ ilẹ̀” lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà “èédú” tó.

Òjò-dídì ni kí ẹ lò fún èyí tó ń rọ̀ ní ìgbà òtútù wọn. Yìnyín tí ọmọ Kwara mọ̀ máa ń ró lórí páànù, á sì yọ́ kíákíá. Òjò-dídì kì í ró, ó sì lè ga dé orúnkún. Bí ìwé náà kò bá ṣàlàyé, ẹ wá gbólóhùn tí ẹsẹ̀ ọmọ náà ti wọ inú rẹ̀, kí ẹ fi “ó rì dé orúnkún láìdún” síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré. Ẹ má fi àlàyé sí ìsàlẹ̀ ojú ewé. Òǹkàwé ọdún 12 kì í wo ìsàlẹ̀.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, sínágọ́gù ní sínágọ́gù, kódà bí gbogbo kíláàsì yín bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Orúkọ èèyàn àti ìlú náà, ẹ kọ wọ́n bí wọ́n ti wà láìsí àmì ohùn, kí ẹ ṣe ojú ewé kan níwájú ìwé tó fi bí a ṣe ń pè wọ́n hàn. Eré bojúbojú lè jẹ́ orúkọ eré àfarapamọ́ wọn; orin rẹ̀ kò lè jẹ́ orin wọn. Fún orin inú ìwé, ẹ túmọ̀ ìtumọ̀, ẹ jẹ́ kí ègbè padà wá lójú kan náà, kí ẹ sì kọ ọ́ kó ṣe é kọ lẹ́nu. Bí kò bá ṣe é kọ, ọmọdé á fò ó.

Ẹ̀ka èdè: ìròyìn ìtàn kó wà ní Yorùbá àjùmọ̀lò. Ó máa ń wu èèyàn láti fi Ìgbómìnà tàbí Ìbọ̀lọ́ sẹ́nu àgbẹ̀ inú ìwé kó lè dà bí ará oko. Ẹ dán an wò ní Òrò tàbí Àjàsẹ́, kí ẹ rí bí wọ́n á ṣe rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí ara wọn bù máṣọ.

Orí àyẹ̀wò àti kíkà sétí

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí 1. Ẹ mú orí tó le jù, èyí tí wọ́n ti fọ́ ilé tàbí mú ẹnì kan, tí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ sì wà nínú rẹ̀, bí ojú ewé 6 sí 10. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ tán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ ka iye ojú ewé rẹ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìyàtọ̀ yẹn lẹ ó fi mọ bí odindi ìwé yóò ṣe nípọn tó, àti iye tí òǹtẹ̀wé yóò gbà.

Èèyàn méjì ló ń ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ọ̀kan ń ka Yorùbá sókè, èkejì mú Gẹ̀ẹ́sì dání, ó ń fa ìlà sí ibikíbi tí ẹni tó ń kà bá ti kọsẹ̀, tó padà sẹ́yìn, tàbí tó yí ọ̀rọ̀ padà láìmọ̀. Ohun tó yí padà láìmọ̀ sábà máa ń dára ju èyí tí ẹ kọ lọ.

Lẹ́yìn náà ẹ pe ọmọ mẹ́rin sí mẹ́fà tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 12 sí 15. Ẹ má kó gbogbo wọn láti ìlú kan. Kí ọ̀kan wá láti Ìlọrin, ọ̀kan láti Ọ̀fà, ọ̀kan láti ilẹ̀ Ìgbómìnà, ọ̀kan láti Èkìtì Kwara, nítorí ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ ní Òkè-Ìmàle lè ṣàjèjì ní Òsí. Ẹ má bi wọ́n pé “ṣé ó yé yín?” Wọ́n á ní “bẹ́ẹ̀ ni sà”. Ẹ bi wọ́n pé ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ta ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, níbo ni ìyá wà nígbà yẹn. Bí méjì nínú wọn bá ṣi ìdáhùn kan náà, gbólóhùn yín ló ní àléébù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ajínigbé àti agbébọn ti lé àwọn ará abúlé kan kúrò nílé ní gúúsù Kwara. Ọmọ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí lè wà nínú àwọn tí ẹ pè, láìjẹ́ pé ó sọ ọ́. Ẹ sọ ohun tó wà nínú orí náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ipá mú ọmọ kankan ka ibi ìkọlù sókè. Bí ọmọ bá fẹ́ jáde síta, ẹ jẹ́ kó jáde, kí àgbà kan tẹ̀ lé e. Ẹ má parí ìjókòó sí orí gbólóhùn tó le jù. Ẹ ka ojú ewé kan sí i.

Àmì ohùn àti kọ̀ǹpútà

Nínú ìwé ogun, àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ogun ni ìjà, ogún ni 20, Ògún ni òrìṣà, oògùn ni èyí tí nọ́ọ̀sì mú wá, òógùn ni èyí tó ń jáde lára ọmọ náà. Ọkọ̀ ni wọ́n wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ ni wọ́n fi gún un, ọkọ ni ti ìyàwó. Ẹ fi àmì sí gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ lé àkọtọ́ ọdún 1974: ayé, ẹyẹ, kò sí “aiye” àti “ẹiyẹ” mọ́.

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní àmì tiwọn nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà (U+1EB9, U+1ECD, U+1E63). Ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì tó léfòó lórí rẹ̀ (U+0301 tàbí U+0300) ni wọ́n. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti ń wá. Bí fọ́ọ̀ntì kò bá dára, àmì á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà tàbí kó di àpótí. Gentium, Charis SIL àti Noto Serif ń gbé wọn dáadáa. Ẹ má fi ìlà abẹ́ rọ́pò àmì ìsàlẹ̀, nítorí ìgbà tí òǹtẹ̀wé bá yí fọ́ọ̀ntì ni gbogbo rẹ̀ á pòórá. Ẹ má gbé fáìlì Word fún òǹtẹ̀wé. PDF tí fọ́ọ̀ntì wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ gbé fún un, kí ẹ sì ní kó tẹ ojú ewé kan tó ní ẹ́, ọ̀, ṣ, ń àti ǹ jáde kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìtẹ̀wé

A5, lẹ́tà 12, pépà 80 gíráàmù. Iye ojú ewé kó ṣe é fi 16 pín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pépà òfìfo á wà lẹ́yìn ìwé. Ibẹ̀ lẹ lè fi ojú ewé ìtàn àti ọjọ́ sí. National Library of Nigeria ni a ti ń gba ISBN, nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà 3 ránṣẹ́ sí wọn lẹ́yìn tí ìwé bá jáde. Orúkọ òǹkọ̀wé, orúkọ ẹni tó túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì àti orúkọ yín, kí gbogbo rẹ̀ wà ní ojú ewé àkọlé. Ẹ tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo jáde kí wọ́n tó tẹ 500. Kí ẹni tí kò bá yín ṣiṣẹ́ rárá kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú, orí kan lẹ́yìn òmíràn. Kíkà bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ìtàn gbé e lọ, àṣìṣe àmì á sì máa hàn sí i.

Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́fíìsì tàbí ilé ìkàwé iléèwé fún àtúnṣe nìkan, kí ẹ so bíró pupa mọ́ ọn. Ọmọ tó bá rí àṣìṣe á fa ìlà sí i, á kọ ojú ewé rẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ tún un tẹ̀, ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú.